Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Ìjà Fún Ẹ̀tọ́ Aláwọ̀ Dúdú: Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Wà, àti Bí Ó Ṣe Kan Ìlọrin

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ọdún mẹ́wàá kejì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UN, yà sọ́tọ̀ fún ìran Áfíríkà tó wà káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀. 2034 ni yóò parí. Lọ́dún 2025 kan náà ni àjọ AU, tó kó àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ, fi ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀san fún ìran wa ṣe àkòrí iṣẹ́ ọdún wọn. Láti ìgbà náà, fídíò àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú kò dẹ́kun àti máa wọ orí WhatsApp wa ní Ìlọrin. Ààrẹ kan ń sọ̀rọ̀ ní New York, ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ń sọ̀rọ̀ ní Brazil, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ̀rọ̀ ní London. A ó wò ó, a ó ní ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lákínyẹmí ara, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn ń béèrè tí mi ò fẹ́ fò dá: kí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti ṣe rí fún ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀? Wọ́n ní ẹni tó ní owó àti ìbọn ló ń borí, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Wọ́n á tọ́ka sí George Floyd tí ọlọ́pàá pa ní Minneapolis lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2020. Ọ̀rọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ta ayé jí nígbà yẹn, fídíò tí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan fi fóònù rẹ̀ ká sílẹ̀ ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Èrò tèmi ni pé ibi tí a ti ń wá agbára ọ̀rọ̀ ni kò tọ́. A ń wá a sínú dídùn ohùn àti gbólóhùn tó rẹwà. Bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá tọpa àwọn ọ̀rọ̀ tó yí nǹkan padà lóòótọ́, yóò rí i pé lẹ́yìn tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ti jókòó ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gbé e dé kóòtù, dé ilé aṣòfin, dé àpótí ìbò, dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dé. Níbi tí kò bá ti sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á dúró, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ará òkèèrè nìkan. Lẹ́yìn tí Àfọ̀njá yapa kúrò lábẹ́ Aláàfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ìlọrin sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Álímì, ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n tà dé etíkun, tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé lọ sí Bahia ní Brazil, sí Cuba àti ibòmíràn. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú dìde ìjà ní ìlú Salvador ní Bahia. Ẹrú ni àwọn kan, àwọn mìíràn ti ra ara wọn padà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, tírà àti ìwé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ ni wọ́n bá lára wọn. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú Ìlọrin yóò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó bá rí i.

Ìlọrin fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọjà ẹrú láyé ìgbà yẹn. Bí a bá ń béèrè ẹ̀san lọ́wọ́ òyìnbó tí a kò mẹ́nu ba èyí, a ò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Mo sì gbà pé ẹni tó bá sọ tirẹ̀ tán ni wọ́n á fetí sí.

Obìnrin tí Ààrẹ ń sá fún ohùn rẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó fi ẹnu jà, Martin Luther King kọ́ ni n óò kọ́kọ́ mú. Fannie Lou Hamer ni. Ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní Mississippi, òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 20, inú oko òwú ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 1962, òun àti àwọn mẹ́tàdínlógún mìíràn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Indianola láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa dìbò. Ọdún 18 ló ti fi ṣiṣẹ́ fún olóko kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni olóko ọ̀hún lé e jáde nítorí pé ó lọ forúkọ sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ń ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan bọ̀ nígbà tí ọlọ́pàá mú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Winona. Wọ́n pàṣẹ fún ẹlẹ́wọ̀n méjì, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, pé kí wọ́n fi kóńdó na án. Ọgbẹ́ ọjọ́ náà bá a dójú ikú.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1964 ló jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan níbi àpérò gbogbogbòò ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní Atlantic City. Àwọn òyìnbó Mississippi kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá wọn dá sí ẹgbẹ́ náà, Hamer àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ló yẹ kí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìpínlẹ̀ náà. Máìkì ń bẹ níwájú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e káàkiri Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, lẹ́sẹẹsẹ, láìfi kún un: ọjọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀, ohun tí olóko wí fún un, bí ẹlẹ́wọ̀n àkọ́kọ́ ṣe nà án títí ó fi rẹ ẹ́, tí ọlọ́pàá sì ní kí èkejì gba kóńdó, bí ó ṣe ń ta ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ní kí èyí àkọ́kọ́ wá jókòó lé ẹsẹ̀ náà. Ní ìparí, ó bi wọ́n bóyá Amẹ́ríkà nìyí, ilẹ̀ tí wọ́n ní òmìnira wà, tí àwọn fi gbọ́dọ̀ yọ orí tẹlifóònù sílẹ̀ kí àwọn tó sùn nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ikú halẹ̀ mọ́ àwọn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ààrẹ Lyndon Johnson mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè dá sílẹ̀. Ó pe àwọn oníròyìn jọ sí White House lójijì, tẹlifíṣọ̀n sì ṣí kúrò lọ́dọ̀ Hamer lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ní ohun gidi kan láti sọ. Àmọ́ wọ́n ti ká ohùn obìnrin náà sílẹ̀, nígbà tó sì di alẹ́, tí tọmọdé tàgbà ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Àwọn tó gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ ju àwọn tí ìbá gbọ́ ọ lọ́sàn-án lọ.

Ṣé wọ́n rí ohun tí wọ́n béèrè gbà? Rárá. Àyè ìjókòó méjì péré ni wọ́n fi lọ̀ wọ́n, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a má ṣe díwọ̀n ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ní 1965 ni òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde. Kó tó jáde, bí ìdá 6.7 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú Mississippi tó tó dìbò ni orúkọ wọn wà nínú ìwé. Nígbà tó fi máa di 1967, ó ti lé díẹ̀ ní ìdá 59. Nígbà tí ẹgbẹ́ Democrat tún ṣe àpérò ní 1968, Hamer jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú Mississippi, èèyàn sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó ṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ẹ̀rí ló jẹ́. Orúkọ, ibi, ọjọ́ àti ohun tí ọwọ́ ṣe sí ara ló sọ, ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́ yóò ní láti lọ wádìí. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo gbólóhùn tó dùn létí lọ, mo sì rò pé àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ kò fún un láyè tó.

Ẹni tó wà lẹ́yìn oníwàásù

Ọ̀rọ̀ King ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ mọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn ọmọ girama, láti Ìlọrin dé Ọ̀ffà dé Òmù-Àrán, ọmọ kan á ṣáà dìde ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ àlá rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń kà á dáadáa. Ohun tí wọn kì í sọ fún wọn ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ohun tí ayé gbọ́.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 1963 ni, ní Washington, níwájú nǹkan bí 250,000 èèyàn. Iṣẹ́ àti òmìnira ni ìwọ́de náà wà fún, wọ́n sì dárúkọ owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n fẹ́. Bayard Rustin ló ṣètò rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù méjì: bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lágbára tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lọ́nà jíjìn náà yóò gbọ́. Ó ku ọ̀la ni wọ́n rí i pé ẹnì kan ti ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Àwọn aṣáájú ìwọ́de kàn sí ìjọba, àwọn ọmọ ogun sì wá tún un ṣe. Ká ní wọn kò tún un ṣe ni, ọ̀pọ̀ nínú ogunlọ́gọ̀ yẹn ìbá wulẹ̀ rí ọkùnrin kan tó ń la ẹnu lókèèrè ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹnu ni wọ́n sì ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. John Lewis, ọmọ ọdún 23, kọ ọ̀rọ̀ tó le, àwọn àgbà fún un lọ́rùn títí ó fi rọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin tó ti ru ẹrù ìjà náà láti ọdún pípẹ́ kò rí àyè tó tó ti ọkùnrin: ọ̀rọ̀ Daisy Bates kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí pé irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Apá tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà sórí kò sí nínú ìwé tí King mú lọ́wọ́. Ó ti sọ irú rẹ̀ ní Detroit ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ó ń ka ìwé rẹ̀ lọ ní Washington nígbà tí Mahalia Jackson, akọrin ẹ̀sìn tó wà nítòsí rẹ̀, ké sí i pé kó sọ ọ̀rọ̀ àlá náà fún wọn. King gbé ojú kúrò nínú ìwé.

Ará Ìlọrin kò ní rí èyí ní àjèjì. Nínú oṣù ààwẹ̀, bí àfáà bá ń ṣe tafsir, ajánàsí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajánàsí á ké ìlà kan nínú Kùránì, á dúró. Àfáà á túmọ̀ rẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ ayé gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé góńgó, àwọn obìnrin á dá orin wákà, àwọn ọkùnrin á ké Allahu Akbar, àfáà á sì fi ohùn wọn gun òkè sí i. Mo ti jókòó síbi tafsir kan lágbègbè Ọjà-Ọba rí, tí àfáà fẹ́ yára kọjá lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jẹ ogún ọmọ òrukàn. Bóyá nítorí pé àwọn kan jókòó níwájú ni, mi ò mọ̀. Ajánàsí kò gbà fún un. Ó tún ìlà kan náà kà, ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, ó sì dákẹ́. Gbogbo agbo dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àfáà padà, ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, wàásù alẹ́ ọjọ́ yẹn kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí Mahalia Jackson ṣe fún King nìyẹn. Oníwàásù ọmọ oníwàásù ni King. Ó ti mọ́ ọn lára láti kékeré pé agbo máa ń dá oníwàásù lóhùn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn sí agbo lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ náà kò dá bọ́ǹbù dúró. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà dẹ bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Birmingham, ọmọbìnrin mẹ́rin kú. Oṣù Keje 1964 ni òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tó jáde, lẹ́yìn ìwọ́de, ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n àti àríyànjiyàn tó gbọ̀n ilé aṣòfin. Nígbà tí ọlọ́pàá sì lu àwọn tó ń wọ́de ní Selma ní oṣù Kẹta 1965, Johnson kan náà tó sá fún ohùn Hamer ló dúró níwájú ilé aṣòfin, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn orin àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́, pé àwọn yóò borí.

Láti Ìbàdàn dé Geneva

Ní oṣù Karùn-ún 1964, Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wá sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, ló fún un ní orúkọ Ọmọwálé, ó sì gbé orúkọ náà lọ tayọ̀tayọ̀. Ohun tó bá wọn sọ ni pé ìyà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé Amẹ́ríkà, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ti gba òmìnira bá wọn gbé e lọ sí UN. Ó tún sọ ọ́ fún àwọn olórí Áfíríkà tó pàdé ní Cairo ní oṣù Keje ọdún náà. Ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọn kò gbé e dé ibi tó fẹ́. Oṣù Kejì 1965 ni wọ́n yìnbọn pa á.

Ọ̀rọ̀ náà dúró fún ọdún 56. Ní oṣù Kẹfà 2020, lẹ́yìn ikú Floyd, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tí Burkina Faso ṣe agbẹnusọ fún, ní kí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn UN ní Geneva jókòó kíákíá lórí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìwà ipá ọlọ́pàá. Philonise, àbúrò Floyd, bá wọn sọ̀rọ̀ láti orí fídíò lọ́jọ́ 17 oṣù náà. Lọ́dún 2021, ìgbìmọ̀ náà yan àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí yóò máa ṣèwádìí irú ìyà bẹ́ẹ̀ kárí ayé. Fídíò ọmọbìnrin yẹn ló jí ayé, àmọ́ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ sọ ní orúkọ òkú ló mú un wọ inú àkọsílẹ̀ UN.

Ti Mandela náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹrin 1964, ní kóòtù Pretoria, ó kọ̀ láti wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí níbi tí agbẹjọ́rò ìjọba ti lè máa fi ìbéèrè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ibi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró ló ti sọ̀rọ̀, fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Àwọn lọ́yà rẹ̀ ń bẹ̀rù ìparí ọ̀rọ̀ náà, níbi tó ti ní òun ṣe tán láti kú. Kò yọ ọ́ kúrò. Ohun tó gbà láti fi kún un kò ju pé bó bá di dandan. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un ní oṣù Kẹfà, ìjọba sì sọ ọ́ di èèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní South Africa. Ọdún 27 ló lò kó tó jáde.

Ta ló gbé ọ̀rọ̀ náà láàárín ọdún wọ̀nyẹn? Àwọn ará ìlú rẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Lókè òkun, ìgbìmọ̀ kan wà ní UN tí ìpinnu oṣù Kọkànlá 1962 dá sílẹ̀ láti gbógun ti apartheid, ìyẹn ètò ìjọba South Africa tó ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun. Wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí, wọ́n ń kọ ìròyìn, wọ́n ń yọ àwọn ìjọba ńlá lẹ́nu títí UN fi fi òfin de títa ohun ìjà fún South Africa ní 1977. Nàìjíríà kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ Nàìjíríà sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn, láti 1990 títí di 1994, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ bíbí Ìlọrin. Níwájú ìgbìmọ̀ náà ni Mandela dúró sí ní oṣù Kẹsàn-án 1993, tó ní àsìkò ti tó kí ayé ká ìjìyà ọrọ̀ ajé kúrò lórí ìlú òun. Ní oṣù Kẹrin 1994, gbogbo ará South Africa dìbò pa pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ Mandela ní Ìlọrin mọ̀ pé ará ilé òun wà nídìí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rin ìrìn rẹ̀ dópin.

Àmọ́ Nàìjíríà náà ti pa ẹnu mọ́ ẹnì kan lẹ́nu rí. Abdias do Nascimento, aláwọ̀ dúdú ọmọ Brazil, ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, wáyé ní Èkó ní 1977. Ó fẹ́ sọ níbi àpérò àjọ̀dún náà pé irọ́ ni ìjọba Brazil ń pa, pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò fi í sára ètò. Ó pín in fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Sketch ní Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún yẹn. Ó padà sí Brazil, ó di aṣòfin, ó di sẹ́nátọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu mọ́. Ní 2012, Brazil ṣe òfin tó ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Láti 2024, ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ti di ọjọ́ ìsinmi jákèjádò ilẹ̀ náà ní ìrántí ìjà wọn. Ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó kúrò nílẹ̀ yìí wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Ó yẹ kí ojú tì wá pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti dá a lẹ́kun.

Nígbà tí ohùn kan náà bá ń lé èèyàn

Ẹni tó bá gbà pé ọ̀rọ̀ lè kọ́lé gbọ́dọ̀ gbà pé ó lè tú ilé ká. Ní oṣù Kẹta 2015, ọba àwọn Zulu ní South Africa, Goodwill Zwelithini, sọ ní gbangba pé kí àwọn àlejò di ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìkọlù bẹ́ sílẹ̀ ní Durban, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Áfíríkà bíi tiwọn. Ọba náà ní wọ́n ṣi òun gbọ́. Àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà dun àwọn èèyàn, àmọ́ kò dé ibi tí òfin ti lè pè é ní ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ìkọlù mìíràn wáyé ní 2019, ọkọ̀ òfúurufú ní láti lọ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé. Nílẹ̀ Mandela ni o, ilẹ̀ tí Nàìjíríà ná owó àti ohùn lé lórí. Níbẹ̀ náà, àwọn kan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, wọ́n sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wọn.

Ìpalára mìíràn wà tí kò la ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ó sì ń bá wa jà lórí fóònù: fífi ọ̀rọ̀ sí ẹni tí kò sọ ọ́ lẹ́nu. Sojourner Truth, obìnrin tó ti ṣe ẹrú rí, sọ̀rọ̀ ní Akron, ní Ohio, ní oṣù Karùn-ún 1851. Ìwé ìròyìn tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láàárín oṣù kan. Ọdún 12 lẹ́yìn náà, obìnrin mìíràn tún un kọ, ó fi ìbéèrè kan tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì fún un ní èdè àwọn ẹrú gúúsù, bẹ́ẹ̀ New York ni Truth dàgbà sí, èdè Dutch ló sì kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀dà kejì yìí ni gbogbo ayé ń kà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kan nípa ìbẹ̀rù tó jinlẹ̀ jù lọ nínú ọkàn wa, tí wọ́n máa ń sọ pé Mandela sọ nígbà tó ń gorí oyè ní 1994. Kò sọ ọ́. Òǹkọ̀wé obìnrin kan ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́. Mo ń rọ àwọn olùkọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdíje pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí gbólóhùn ti wá kí ọmọ tó há a sórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí nìyí. Láti 2021, UN ti dá ìjókòó kan sílẹ̀ fún ìran Áfíríkà. Geneva ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ní oṣù Kejìlá 2022. Kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú náà ń gba máìkì, ohun tí wọ́n bá sọ sì ń wọ inú ìròyìn tó ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìpàdé gbogbogbòò UN. Ara iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ìjókòó náà ni kí ó dá sí kíkọ ìkéde tí UN fẹ́ ṣe lórí ẹ̀tọ́ ìran Áfíríkà. Ibi tí ẹ̀rí irú ti Hamer ti wúlò nìyẹn.

Ìlọrin ní ẹ̀rí tirẹ̀. Àwọn agbo ilé àfáà ní ìwé àfọwọ́kọ èdè Lárúbáwá tó ti pẹ́. Ní ìlú àwọn Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́, oríkì agbo ilé ṣì ń dárúkọ ogun tó kó ìdílé lọ. Yunifásítì Ìlọrin àti KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, ní àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó mọ irú ìtàn yìí, kó jókòó tì wọ́n, kó fi fóònù ká ohùn wọn sílẹ̀ láìgé e, kó sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ìlú, agbo ilé àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́ ọn.